Tírélà Tí Kò Já Ẹrù: Èrò Mi Lórí Ikú Ìpàtẹ E3

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn tó ni ìpàtẹ E3 kéde pé ó ti tán, àwọn kò ní í ṣe é mọ́ láé. Inú yàrá ní họ́sítẹ̀lì ni mo wà nígbà tí ìròyìn náà dé. Kí n tó ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ tán, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lórí WhatsApp. Ọ̀kan ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Òmíràn ní kí Ọlọ́run tù mí nínú, kó má fi irú rẹ̀ ṣe é mọ́. Wọ́n mọ̀ mí dáadáa. Láti JSS 1 ni mo ti ń tẹ̀ lé ìpàtẹ náà, èmi tí mi ò dé Èkó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, ká má tíì sọ Los Angeles.

Ohun tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu ni pé mi ò banújẹ́. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹni tó jẹ mí lówó tipẹ́ kú láìsan án. Ẹ ò lè bá òkú jà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè gbàgbé owó yín. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ní báyìí tí mo ń múra àtijáde ní ẹ̀ka yìí, mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó lọ.

Fún ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n, Electronic Entertainment Expo ni wọ́n gé kúrú sí E3. Ìpàtẹ ọjà ni. Oṣù Karùn-ún ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Los Angeles, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ní Amẹ́ríkà ló sì ni ín. Kì í ṣe nítorí irú èmi ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ni wọ́n ń pè, kí wọ́n wá wo ọjà tó ń bọ̀, kí wọ́n lè mọ iye tí wọn yóò kó sórí àtẹ fún ọdún Kérésìmesì. Wọ́n ń pe àwọn oníròyìn náà mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti rí àwọn ìyá aláṣọ tó máa ń lọ sí Gbàgì láti yẹ àṣà tuntun wò kí ọdún tó dé, ẹ ti mọ ohun tí E3 jẹ́ níbẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan wà nípa ọdún àkọ́kọ́ yẹn tí gbogbo àwa tó fẹ́ràn géèmù mọ̀. Sega ti bọ́ sórí pèpéle, wọ́n ní ẹ̀rọ Saturn àwọn ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà gan-an, 399 dọ́là. Nígbà tó kan Sony, Steve Race tó ń darí PlayStation ní Amẹ́ríkà jáde, ó sọ ohun kan ṣoṣo: "299." Ó yíjú padà, ó kúrò níbẹ̀. Ariwo sọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ju ariwo lọ ni pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, PlayStation dé Amẹ́ríkà, 299 dọ́là náà ni wọ́n sì tà á. Ó dárúkọ iye, ọjà dé, iye náà ni. Òwò nìyẹn.

Èmi ò tíì sí láyé nígbà náà. Ibi tí èmi ti pàdé E3 ni ilé géèmù kan ládùúgbò wa. Yàrá kan ni: tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, bẹ́ǹṣì onípákó, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn fèrèsé. Àádọ́ta náírà ni bọ́ọ̀lù kan. Ẹni tó bá borí ló ń jókòó, ẹni tí wọ́n bá nà yóò gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bọ̀dá tó ni ibẹ̀ fẹ́ràn géèmù ju owó géèmù lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi lówó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ó fi dátà òru daunlóòdù ètò tí Sony ṣe ní E3. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó pa tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, ó ní kò sẹ́ni tó máa gbá bọ́ọ̀lù títí ètò náà yóò fi parí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. A tó ọgbọ̀n nínú yàrá yẹn, àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń na ọrùn.

Ohun mẹ́ta ni Sony kéde lọ́jọ́ náà tí gbogbo ayé ṣì ń sọ: The Last Guardian, àtúnṣe Final Fantasy VII, àti Shenmue III. Nígbà tó kan Final Fantasy VII, omi bọ́ lójú bọ̀dá. Kò tijú. Ó ní géèmù tí òun gbá nígbà tí òun wà ní ọmọdé ni, òun kò mọ̀ pé òun tún máa rí i. Gbogbo wa gbà pé ọdún tó ń bọ̀ la máa fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún pọ̀. The Last Guardian, tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn ní E3 ọdún 2009, dé ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Shenmue III dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Àtúnṣe Final Fantasy VII dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, apá kìn-ín-ní ìtàn náà nìkan sì ni. Kí ìyẹn tó dé, ilé géèmù bọ̀dá ti kógbá wọlé. Ibi tí yàrá náà wà, wọ́n ń ta ike omi níbẹ̀ báyìí.

Ibi ìjókòó ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé "trailer" ni wọ́n ń pe fídíò ìpolówó bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá pè é ní "tírélà", a sì bú sẹ́rìn-ín, torí tírélà tí àwa mọ̀ ni èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé bọ̀dá ló ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ìgbà tí mo dé ẹ̀ka yìí, tí wọ́n ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àyálò, ni mo mọ̀ pé kò ṣì í. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló yá, ó sì fi ohùn wa pè é bó ṣe yẹ. Ohun tó fi tírélà méjèèjì yàtọ̀ ni pé ti sìmẹ́ǹtì máa ń dúró, ó máa ń já ẹrù. Ti E3 máa ń kọjá lọ ni, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, àwa tó wà lẹ́bàá títì á máa ṣàpèjúwe ẹrù tí a kò rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a ń kọ́ níbí ṣàlàyé bí mo ṣe rí ọ̀ràn náà. "Ó ń sáré", "yóò sáré", "ìbá sáré": gbólóhùn mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìkínní ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ìkejì jẹ́ ìlérí. Ìkẹta kò ṣẹlẹ̀, ohun kan ló dí i lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń sọ Yorùbá kì í ṣi wọ́n lò. Àṣà E3 ni pé kó fi ojú "ó ń sáré" hàn wá, nígbà tí òótọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́ "yóò sáré". Nígbà mìíràn "ìbá sáré" gan-an ló jẹ́.

Ní ọdún 2005, Sony fi fídíò Killzone fún PlayStation 3 hàn. Àwọn ènìyàn rò pé géèmù ni wọ́n ń wò. Kì í ṣe géèmù. Fídíò tí wọ́n ti yà sílẹ̀ ni, láti fi hàn bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. PlayStation 3 fúnra rẹ̀ kò tíì jáde. Oṣù Kejì ọdún 2009 ni Killzone 2 tó délé. Ní ọdún 2012, Ubisoft fi Watch Dogs hàn, ìmọ́lẹ̀ òru àti òpópónà Chicago inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ojúlówó. Nígbà tó jáde ní ọdún 2014, àwọn ènìyàn gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n rí i pé ẹwà náà ti dínkù. Ní ọdún 2019, Keanu Reeves jáde sórí pèpéle Microsoft, ó ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni Cyberpunk 2077 máa jáde. Wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ló dé, ó sì burú débi pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Sony yọ ọ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ń dá owó padà fún àwọn tó rà á. Wọ́n ti tún un ṣe láti ìgbà náà, ó sì dára. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n géèmù tó dára lónìí kọ́ ni wọ́n gba owó fún nígbà náà.

Ìtàn tèmi náà wà níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ géèmù tàbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nígbà tí mo parí WAEC, mo ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta ní lẹ́sìnnì. Mo fi oṣù mẹ́rin tọ́jú owó, torí mo ti wo fídíò géèmù kan ní E3 tó ogún ìgbà. Àbúrò mi ọkùnrin mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fídíò yẹn lórí, ó máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ń wẹ̀. Mo ra díìsì náà. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ wa, ṣùgbọ́n ara páálí géèmù kọ ọ́ pé yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí a fi díìsì sínú, ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé a ní láti daunlóòdù ohun tó ju ogójì gígábáìtì lọ kó tó lè gbéra. Mo dátà. Mo tún dátà. Ọjọ́ kẹsàn-án ló parí, torí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tó wá ṣí, ó ń gan, ó ń kú, ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń yọ kúrò lára orí wọn. Àbúrò mi gbé páàdì sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n tà fún yín báyìí?"

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó ni. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ ìpolówó. Ẹ máa ní kò sí olóòwò tó máa pe ọjà rẹ̀ ní kíkan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá ìyá tó ń ta gàrí. Yóò yin gàrí rẹ̀ títí, yóò ní Ìjẹ̀bú ni, yóò sì bù ú lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tọ́ ọ wò. Ìyìn àti ìtọ́wò ni, wọ́n ń rìn pọ̀. Ní E3, àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn nìkan ló ń tọ́ ọ wò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò fún wákàtí. Ìyìn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ àwa yòókù, a sì ń fi dátà wa ra ìyìn náà.

Àwọn mìíràn máa ní ayọ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Mo gbà pẹ̀lú yín. Mi ò rí ohun mìíràn tó lè mú ọgbọ̀n ọmọdé dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú yàrá kan láìsí páàdì lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó wà ní Tokyo, ní São Paulo àti ládùúgbò wa ń wo ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ní mi ò ṣàárò ìyẹn, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn, àwa ni a mú un wá. Àwọn ilé iṣẹ́ náà mọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi fi í ṣòwò. Ní ọdún 2017, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì 15,000 fún gbogbo èrò fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, ìpàtẹ àwọn oníṣòwò ti di ibi tí oníbàárà ń sanwó láti lọ wo ìpolówó.

Àwọn ọlọ́jà ńlá gan-an ti ń yọ́ jáde kí ilé tó wó. Nintendo ti pa ètò orí pèpéle tì láti ọdún 2013, fídíò tí wọ́n ṣe fúnra wọn ni wọ́n ń gbé síta. EA lọ ṣe tiwọn lọ́tọ̀ ní ọdún 2016. Sony kò wá ní ọdún 2019. Ní ọdún 2019 kan náà, orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníròyìn àtàwọn mìíràn tó ju 2,000 lọ wà gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti orí ojú ewé E3 fúnra rẹ̀. Kòrónà fagi lé ti 2020. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ti 2021. Ti 2022 àti 2023 kò wáyé. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe àrùn nìkan ló pa á. Ilé tí àwọn ará ilé ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa tí a wà ní ẹ̀ka èdè. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi wo ìpàtẹ yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́ẹ̀kan pé géèmù ńlá kan máa jáde ní Yorùbá. Ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí géèmù wò: Polish wà níbẹ̀, Czech máa ń wà níbẹ̀, Turkish náà. Mi ò jowú wọn. Ṣùgbọ́n àwa tó ń sọ Yorùbá tó ogójì mílíọ̀nù, ó kéré tán. Ìgbà tí mo máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí, orúkọ Nàìjíríà kò sí nínú àwọn ìlú tí mo lè yàn. Mo purọ́ pé Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ wa ni wọ́n fẹ́. Nínú Overwatch, jagunjagun kan wà tí wọ́n ń pè ní Doomfist; Akande Ogundimu ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó dé ní ọdún 2017. Orisa ni wọ́n sọ ọ́, láìsí àmì kankan lórí tàbí nísàlẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mi ò lè sẹ́ ẹ. Mo pe àbúrò mi kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ṣé ó máa ń sọ Yorùbá ni?" Mo lọ wo ibi tí wọ́n to àwọn èdè sí. Èdè tó bí orúkọ yẹn kò sí níbẹ̀.

Kí wá ni kí a ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ ká rò pé ikú E3 ti wo àrùn náà sàn. Summer Game Fest ti gba ipò rẹ̀ láti ọdún 2020. Ìwé ìròyìn Esquire gbé e jáde ní ọdún 2024 pé 250,000 dọ́là ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan péré nínú ètò náà. Ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kò ní wá fi ìṣẹ́jú náà sọ àléébù ọjà rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbá géèmù ni pé kí ẹ má sanwó kí géèmù tó jáde. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù kan. Ẹ wo ẹni tó ti rà á, tó ń gbá a lórí irú ẹ̀rọ tí ẹ ní nílé. Ohun tó sún mọ́ ìyá oníגàrí jù lọ báyìí ni Steam Next Fest, níbi tí wọ́n ti ń fi apá kan géèmù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ gbá a fúnra yín. Dátà yín máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa tọ́ ọ wò.

Ìkejì kan ẹ̀ka wa. Ní ọdún 2016, Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde pẹ̀lú ìrànwọ́ owó tí àwọn ènìyàn dá jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Maliyo Games ti wà ní Èkó láti ọdún 2012. Wọn ò dúró de pèpéle Los Angeles. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tó lè sọ ohun tí à ń pe "save" àti "level" ní Yorùbá tí kò ní dà bí ìwé òfin. Àwọn ọmọ ilé géèmù ti ní tiwọn tipẹ́: wọ́n ń kú, wọ́n ń jíǹde, wọ́n ń wọ ojú ogun. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni a ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀ àyálò inú ìwé ìròyìn, tí a sì ń tún ara wa kọ. Ẹ̀yin ọdún kẹta, ẹ gbé gègé àti rẹ́kọ́dà lọ sí ilé géèmù kan. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ẹnìkan kò tíì ṣe ní ẹ̀ka yìí.

Bọ̀dá tó ni ilé géèmù wa ń wakọ̀ báyìí. Mo pàdé rẹ̀ nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, mo bi í bóyá ó ti gbá àtúnṣe Final Fantasy VII. Ó ní òun kò ní ẹ̀rọ mọ́, ṣùgbọ́n òun ti wo o lórí YouTube, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí fóònù. Mo ní, "Ṣé ó dára, sà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó dára, àmọ́ ó pẹ́ jù kó tó dé.

Èrò tèmi nìyí. Bí ẹ bá ní èsì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ rò pé mo ti le jù, olóòtú wa ń retí yín.